Ojú Ìyàndá Alápatà

Qúdrát kì í jẹun nílé bàbá rẹ̀, gbogbo ẹbí ló sì mọ̀. Bí Iléyá bá dé, tí àwọn èèyàn ń fi eyín fa ẹran ya, tí ọ̀rá ń ṣàn dé ọrùn ọwọ́ wọn, òun á jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú omi inú náílọ́ọ̀nù tó rà wá fúnra rẹ̀, á ní òun ti yó láti ilé. Jibril ọkọ rẹ̀ ti bá a sọ ọ́ títí ó fi sú u. "Bàbá rẹ ni," Jibril á sọ. "Mú òkèlè kan péré, kí inú wọn lè dùn." Qúdrát á ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé àwo síwájú rẹ̀, itọ́ á dà sí i lẹ́nu, itọ́ olómi yẹn tó máa ń ṣáájú èébì, á sì dìde bí ẹni tí fóònù rẹ̀ ń dún.

Ọwọ́ bàbá náà ni kò lè wò. Ìyàndá, bàbá rẹ̀, kì í ṣe ọ̀bùn. Ó ń wẹ̀, ó ń fọ aṣọ, ó sì ń gé èékánná rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lọ. Síbẹ̀, ìgbàkígbà tí Qúdrát bá rí ọwọ́ yẹn lórí oúnjẹ, ohun tó ń rí ni ọwọ́ tó di ẹran jíjẹrà mú lójú ọjà, tí omi ẹran náà ń kán sílẹ̀ láàárín ìka.

Alápatà ni Ìyàndá nígbà tí Qúdrát wà ní kékeré, ó ní tábìlì ẹran nínú ọjà kan ní Ẹdẹ. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Fàtímọ̀, ni wọ́n jọ ń jókòó tì í. Ìyàndá ló ń lo ọ̀bẹ, Fàtímọ̀ ló ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹran wọn. Nígbà tó yá, ibà líle kan mú Fàtímọ̀, ó sì kú. Qúdrát nìkan ni ọmọ tó fi sílẹ̀. Ìyàndá sin aya rẹ̀, ó jókòó sílé fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló padà sídìí tábìlì, òun nìkan.

Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ẹnì kan dá ẹ̀dọ̀ padà. Ẹlòmíràn ní ṣàkì tí òun rà ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ìyàndá bẹ̀ wọ́n, ó pààrọ̀ rẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Ìyá Afọlábí ṣẹlẹ̀.

Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni obìnrin yìí, ó ń ránṣọ nítòsí ọjà. Ó ra ẹran lọ́wọ́ Ìyàndá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n bá a dì í sínú ọ̀rá dúdú, ó délé, kò síná, ó sì fi ìmọ́lẹ̀ àtùpà se ìdajì rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ilé ti ń bì, wọ́n sì ń yàgbẹ́ gbuuru. Afọlábí, ọmọ rẹ̀ tó kéré jù, kò lè gbé orí sókè mọ́. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára. Nígbà tí ìyá rẹ̀ padà délé lọ́jọ́ kejì, tó ṣí ìdajì ẹran yòókù lójú oòrùn, abọ́ ló kó o sí, ó sì kọrí sọ́jà.

Qúdrát ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti iléèwé ni, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì bàbá rẹ̀ pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Ìyá Afọlábí kò pariwo. Ó da díẹ̀ nínú abọ́ náà sórí tábìlì. Ẹran náà bọ́ sílẹ̀ pọ̀tọ̀, ó sì fẹ̀. Ó ti ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé tó ń dán bí ẹ̀yìn eṣinṣin ńlá, ikun kan tó nípọn sì bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun. Òórùn rẹ̀ wọ Qúdrát lọ́fun bí ẹni pé wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

"Ṣé èyí ni kí ọmọ mi jẹ?" ni Ìyá Afọlábí wí.

Ìyàndá mú ẹran náà. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ẹran tó pupa ni mo tà fún yín," ó ní. "Èyí náà ṣì pupa. Bóyá ooru ló mú un rùn."

Ẹnì kan tutọ́ sílẹ̀. Ẹlòmíràn ní, "Ẹ wo ọkùnrin yìí. Ẹran tó ti di ewé ló ń pè ní pupa lójú gbogbo wa." Ìyá Afọlábí wá gbé abọ́ náà sókè, ó da ìyókù tó wà nínú rẹ̀ lé Ìyàndá lórí. Omi rẹ̀ gba ara fìlà ṣàn wọ etí rẹ̀. Ègé kan já bọ́ sórí ẹsẹ̀ Qúdrát, ó há sáàárín ìka ẹsẹ̀ àti okùn bàtà, ó rọ̀, ó sì tutù. Ọmọ náà kò lè gbọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bì sára aṣọ iléèwé rẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn alápatà ẹgbẹ́ rẹ̀ gba tábìlì lọ́wọ́ Ìyàndá. Ó kó lọ sí Alajue, nítòsí Ẹdẹ, ó ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Àwáwù, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló gba Qúdrát sọ́dọ̀ ní Ẹdẹ. Níléèwé, wọ́n ń pe ọmọ náà ní Ẹran Jíjẹrà, wọ́n ń di imú bó bá jókòó tì wọ́n. Ó fara dà á. Ohun tí kò fara dà ni irọ́ yẹn. Ó gbà pé ẹran lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí bàbá òun gbé e sókè, kó wò ó dáadáa, kó sì ní pupa ni, èyí ló ń rí i lára jù. Ọdún ń gorí ọdún, ìríra náà kò lọ.

Ó lọ sí yunifásítì, ó fẹ́ Jibril, ó sì di olùkọ́ báyọ́lọ́jì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ẹdẹ. Ní sáà tí mò ń sọ yìí, oyún wà nínú rẹ̀, gbogbo nǹkan ló sì ń rùn sí i: epo gbígbóná, ọṣẹ tí Jibril fi ń wẹ̀, ṣọ́ọ̀kì tó fi ń kọ̀wé pàápàá.

Ẹ̀kọ́ lórí ojú ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn, ó rí i pé oorun ń kùn wọ́n, ó wá bọ́ sí Yorùbá.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí màálù bá wo ẹ̀jẹ̀, àwọ̀ wo ló ń rí?"

"Pupa, mà," ni gbogbo wọn wí.

"Rárá. Màálù ò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Ajá náà ò mọ̀ ọ́n, ewúrẹ́ náà ò mọ̀ ọ́n. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Nínú ojú, sẹ́ẹ̀lì kan wà tó jẹ́ pé àwọ̀ ló ń mú. Ẹyẹ ní oríṣi mẹ́rin. Alángbá àti ọ̀pọ̀ ẹja náà ní mẹ́rin. Àwọn ẹranko àkọ́kọ́ tó ń fún ọmọ lọ́mú jogún mẹ́rin yìí lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú wọn. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà náà, àwọn ẹranko ràbàtà tí a ń pè ní dáínósọ̀ ló ni ọ̀sán. Àwọn baba ńlá wa kò tóbi ju eku lọ. Wọ́n ń sá sínú ihò lọ́sàn-án, òkùnkùn ni wọ́n ń jáde wá kòkòrò jẹ. Kí lèèyàn fẹ́ fi àwọ̀ ṣe nínú òkùnkùn? Kí ojú sáà ti lè mú ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín. Bí wọ́n ṣe ń gbé bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, oríṣi méjì sọnù nínú mẹ́rin. Méjì tó kù ni màálù ń lò títí dòní."

Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń jókòó níwájú, Ìfẹ́olúwa lorúkọ rẹ̀. Ó nawọ́. "Mà, kí ló dé tí àwa ń rí pupa?"

"Àwọn ọ̀bọ ló gbà á padà fún wa. Ó lé ní ọgbọ̀n mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn tí jíìnì ojú kan di méjì lára àwọn baba ńlá àwọn ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà, bí ìgbà tí èèyàn da ọ̀rọ̀ kan kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìkejì yí padà díẹ̀díẹ̀, ó wá ń mú pupa. Èyí tó bá ń rí èso pípọ́n àti ewé tuntun láàárín ewé, á jẹun yó, á bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ náà á máa rí i. Àwọn onímọ̀ kan ní kì í ṣe torí èso nìkan, pé kí wọ́n lè máa rí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré wá sójú ara wọn ni. Wọn ò tíì fẹnu kò sí i."

Ó ya àwòrán kan sára pátákó. "Ṣùgbọ́n jíìnì pupa àti ti àwọ̀ ewé, orí kromosóòmù X ni àwọn méjèèjì wà. Obìnrin ní X méjì. Ọkùnrin ní ẹyọ kan. Bí ti ọkùnrin bá ní àbùkù, kò sí ìpààrọ̀. Ayé á máa rí lójú rẹ̀ bó ṣe ń rí lójú màálù. Irú wọn pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ̀. Nílẹ̀ wa níbí, àwọn àgbà ń pe ewé ní dúdú, wọ́n ń pe àgbàdo tó gbó ní pupa. Ta ló fẹ́ fura sí ẹni tó bá ṣì í pè?"

Àwọn ọmọkùnrin ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń na ìka síra wọn pé màálù ni ọ́. Ìfẹ́olúwa tún nawọ́.

"Mà, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lọ ra ẹran ńkọ́? Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń bàjẹ́?"

"Á gbọ́ òórùn rẹ̀."

"Bí kò bá gbọ́ òórùn ńkọ́, mà?"

"Ẹlòmíràn ló máa bá a wò ó," ni Qúdrát dáhùn.

Fàtímọ̀ ìyá rẹ̀ ló wá sí i lọ́kàn. Láràárọ̀, kí wọ́n tó tẹ́ ẹran, Fàtímọ̀ á jókòó sórí àpótí, á máa yí ègé kọ̀ọ̀kan wò, tinú tẹ̀yìn. Gbé èyí síbí. Gbé ìyẹn sọ́hùn-ún. Èyí, fún ajá. Ìyàndá á máa ṣe ohun tó bá wí, láìbi í ní ìbéèrè. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Qúdrát rò pé ìyá òun kàn ń ṣe àṣejù ni. Ó tún rántí aṣáà tí bàbá rẹ̀ ń fín símú láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí kò jẹ́ kó gbọ́ òórùn ohunkóhun. Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n ní kí ó ra tòmátì tó pọ́n bọ̀, tó gbé tútù wálé, tí Fàtímọ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀.

Ẹran tútù, tó ń yọ̀, há sáàárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lára bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ síbẹ̀ ni. Ó sáré lọ sójú fèrèsé, ó bì síta. Àwọn ọmọ náà rò pé oyún ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gun ọ̀kadà lọ sí Alajue. Ó ra ata rodo lọ́nà, pupa àti àwọ̀ ewé, ó sì ṣa gbogbo rẹ̀ kí ó le, kí ó má ṣe sí èyí tí ọwọ́ lè fi rírọ̀ dá mọ̀ níbẹ̀. Ó ti sọ fún Jibril pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bàbá òun kò parọ́ rárá. Bó ṣe ń lọ, ó ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ: pé kí bàbá dárí ji òun, pé òun ti mọ̀.

Ìyàndá jókòó síwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ìkòkò wà lórí iná lẹ́yìnkùlé. Inú rẹ̀ dùn láti rí ọmọ rẹ̀ láìjẹ́ ọjọ́ ọdún.

"Bàbá, ẹ bá mi ṣa ata yìí," ni Qúdrát wí lẹ́yìn tó kúnlẹ̀ kí i. "Kí pupa wà lọ́tọ̀, kí èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé wà lọ́tọ̀."

Ìyàndá rẹ́rìn-ín. Ó mú ata kan, ó tẹ̀ ẹ́ wò. Ó mú òmíràn, ó tẹ òun náà wò. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó ń ṣa wọn lọ, ó ń tẹ̀ wọ́n, ó ń gbé wọn sí ìmọ́lẹ̀. Nígbà tó parí, òkìtì méjì ló wà níwájú rẹ̀, pupa àti àwọ̀ ewé sì dàpọ̀ mọ́ra nínú méjèèjì.

"Ó tọ́, àbí?" ó bi í.

Ìyàndá wo ojú rẹ̀, ó sì mọ̀.

"Ìyá rẹ nìkan ló mọ̀," ó ní. "Láti kékeré ni. Wọ́n á ní kí n mú ìbẹ́pẹ tó pọ́n, màá mú èyí tí kò pọ́n, wọ́n á nà mí. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, ó rí i. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Alápatà tí ojú rẹ̀ ò pé, ta ló fẹ́ ra ẹran rẹ̀?"

"Nígbà tí ìyá mi wá kú ńkọ́?"

"Mo ń fi ọwọ́ wò ó. Ẹ̀rù ń bà mí láràárọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn wo ni mo mọ̀?"

"Ẹ mọ̀ pé ẹ ò rí i, ẹ sì ń tà á fún àwọn èèyàn."

"Mo mọ̀ pé ojú mi ò pé. Mi ò mọ̀ pé ẹran náà ti bàjẹ́. Wọ́n yàtọ̀ síra."

"Afọlábí fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, Bàbá."

"Mo mọ̀," ni Ìyàndá wí, ó tún mú ọ̀bẹ, ó ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ.

Qúdrát fi gbogbo ọ̀rọ̀ ìdáríjì tó tò wá láti Ẹdẹ sílẹ̀. Kì í ṣe opùrọ́ ló bí i, ó ti rí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń fojú inú wo ọkùnrin yìí tó ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹran láràárọ̀ bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́, tó sì ń gé e fún ìyá ọlọ́mọ, ìríra náà tún dé. Ó dìde láti lọ tutọ́ lẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ ni òórùn ìkòkò náà ti pàdé rẹ̀.

Ó ṣí ìdérí. Ìhó aláwọ̀ eérú ló bo ojú omi náà. Lórí ilẹ̀, lábẹ́ àwo kan, ìyókù ẹran náà wà ní tútù. Ó ti ń di àwọ̀ ewé létí, àárín rẹ̀ ń dán bí epo ọkọ̀ tó dà sójú omi, ó sì lẹ̀ mọ́ àwo.

"Bàbá, níbo lẹ ti rí ẹran yìí?"

"Zakariyah ni, alápatà tó ń fi ọ̀kadà kiri àdúgbò. Òun ló ń tà fún mi." Ìyàndá ti wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ó pupa, àbí?"

"Kò pupa, Bàbá."

"Èyí tó máa ń tà fún mi láti ọjọ́ yìí ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀. Ṣé inú ń run yín?"

"Ó ti pẹ́. Mo rò pé àgbà ló dé."

Qúdrát gbé ìkòkò náà kalẹ̀, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó sì da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Omi gbígbóná rẹ̀ ta sí i lẹ́sẹ̀. Ó bì lẹ́ẹ̀kan, ó nu ẹnu, ó tún ń gbẹ́lẹ̀. Ègé kan ṣoṣo nínú èyí tó wà ní tútù ni kò sin. Ó fi ewé dì í, ó sì jókòó síwájú ilé.

Zakariyah dé lọ́sàn-án. Ó so àpótí mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó ń fun fèrè kó lè ké sí àwọn oníbàárà. Ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn ni, ó ń pe gbogbo obìnrin ní ìyá mi. Àwọn obìnrin àdúgbò ń jáde bọ̀ pẹ̀lú abọ́. Qúdrát ló kọ́kọ́ débẹ̀. Zakariyah ṣí àpótí fún un. Ẹran inú rẹ̀ pupa, ó sì mọ́.

"Kí ló dé tí o kì í ta irú èyí fún bàbá mi?" Qúdrát bi í.

Ojú Zakariyah lọ sí ẹnu ọ̀nà Ìyàndá. "Àǹtí, bàbá kì í ṣa ẹran. Ohun tí mo bá gbé fún wọn ni wọ́n ń gbà."

Qúdrát tú ewé, ó na ègé ẹran náà sí i níwájú. "Wò ó. Àwọ̀ wo nìyí?"

Zakariyah fi apá bo imú, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Wò ó dáadáa. Ìwọ ń rí i."

"Àwọ̀ ewé ni."

"Ṣé o rí i bẹ́ẹ̀ kí o tó tà á fún wọn?"

Àwọn obìnrin náà ti yí wọn ká, ọ̀kan nínú wọn ti ń di imú. Nígbà tó yá, Zakariyah ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹran tí kò bá tà, ibo ni kí n gbé e lọ? Gbogbo èèyàn ló kúkú mọ ohun tí bàbá yín náà tà fún ọmọ ọlọ́mọ nígbà kan. Bàbá ò bínú sí èyí tí mo ń tà fún wọn rí. Mo rò pé wọ́n mọ̀ pé ó ti bàjẹ́."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Èyí ló kó Qúdrát nírìíra ju òórùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ó ju ègé ẹran náà sínú àpótí, sórí ẹran pupa tí Zakariyah tò síbẹ̀. Ikun rẹ̀ fà gbọ̀ọ̀rọ̀ lára wọn. Àwọn obìnrin náà sún sẹ́yìn. Ọ̀kan gbé abọ́ rẹ̀, ó ní òun ti ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọmọ òun lánàá, ó sì yára lọ sílé. Ìyókù ń tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Zakariyah pa àpótí dé, ó sì wa ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Kò gba àdúgbò náà kọjá mọ́. Wọ́n ní ọ̀nà ìlú Ara ló ń ná báyìí, Ọlọ́run ló mọ ohun tó ń tà fún wọn níbẹ̀.

Ìyàndá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Qúdrát fọ ọwọ́, ó tún un fọ̀, ó jókòó tì í, ó sì ṣàlàyé fún un bó ṣe ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀: eku inú ihò, òkùnkùn, ọ̀bọ àti èso pupa, X kan, X méjì. Ìyàndá gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Nígbà náà, àwọn màálù tí mo pa," ó ní, "bí mo ṣe ń rí ẹ̀jẹ̀ wọn ni àwọn náà ṣe ń rí i."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

Ìyàndá yíjú sí i. "Ṣé ó wà lára ìwọ náà?"

"Ó wà lára mi, àmọ́ kò dí mi lójú. Bí èyí tó wà nínú mi bá jẹ́ ọkùnrin, ó ṣeé ṣe kó mú un."

"Má jẹ́ kó ṣe alápatà," ni Ìyàndá wí.

Láti ìgbà náà, Qúdrát ló ń ra ohun tí bàbá rẹ̀ ń jẹ. Ẹja gbígbẹ, ẹyin àti ẹ̀wà ló ń gbé lọ fún un. Inú rírun náà dínkù. Bí Ìyàndá bá fẹ́ ẹran, Jibril ló ń lọ rà á. Qúdrát ń sè é fún un, á yí imú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó bá ń rò ó, kì í sì í tọ́ ọ wò.

Ìyàndá fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ lọ rí Ìyá Afọlábí. Qúdrát kò fẹ́ kó lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ ti pẹ́, àti pé Afọlábí ti dàgbà, ó ti ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Ìyàndá ní òun á lọ náà ni. Wọ́n jọ lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Ìyá Afọlábí ti darúgbó, àmọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ṣì wà níwájú ilé. Ó mọ̀ wọ́n. Ó ní kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìyàndá kò jókòó, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ tẹnu rẹ̀: pé ojú òun ò pé, pé òun mọ̀ pé kò pé, pé òun ta ẹran náà bẹ́ẹ̀ nítorí òun ń bẹ̀rù ebi. Qúdrát fi tirẹ̀ kún un, ó ṣàlàyé bí ojú náà ṣe rí. Obìnrin náà gbọ́ wọn, kò já lu ọ̀rọ̀ wọn. Ó ní kí Ìyàndá dìde, kó jókòó.

"Mo gbà yín gbọ́," ó ní nígbà tó yá. "Mo rò pé olè ni yín ní gbogbo ọdún yìí. Ẹ kì í ṣe olè. Ó yẹ kí ẹ ti sọ ọ́ nígbà náà, tàbí kí ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Síbẹ̀, mo ti dárí jì yín, nítorí Ọlọ́run." Ó tún aṣọ tó wà lórí ẹ̀rọ tò. "Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ parọ́ fún yín. Bí mo ṣe rí yín lọ́ọ̀ọ́kán, òórùn yẹn ló wá sí mi nímú. Ẹ má ṣe bínú bí mi ò bá fún yín lómi."

"Ó yé mi," ni Ìyàndá wí. Ó dúpẹ́, ó dìde.

Qúdrát tẹ̀lé e. Ó bojú wẹ̀yìn ní ẹnu géètì, ó sì rí Ìyá Afọlábí tó mú àkísà, tó ń nu ibi tí bàbá rẹ̀ jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì. Ó ń nù ún díẹ̀díẹ̀, kò bínú, bí ìgbà tí èèyàn ń nu omi tó dà sílẹ̀. Qúdrát bọ́ sẹ́yìn bàbá rẹ̀, kó má bàa rí i.

"Ṣé o rò pé òjò máa ká mi mọ́ ọ̀nà?" Ìyàndá bi í.

Qúdrát wo ojú ọ̀run, ó ní ó ṣeé ṣe. Ó dá ọ̀kadà dúró, ó bá ọlọ́kadà dúnàá-dúrà dé Alajue, ó fún bàbá rẹ̀ ní ọ̀rá ńlá tó máa fi bo orí, ó sì dúró síbẹ̀ títí ọ̀kadà náà fi lọ.